Páálí Yín Wà Lọ́wọ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù: Ta Ló Ń Gba Èwo Nínú Owó Náà?

Káàdì pélébé kan ló wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé. Agbádá tí mo ní kí wọ́n rán fún mi ní Ìsẹ́yìn, tí mo fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó àbúrò mi, ti wọ London, àmọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní kí n san £83.68 kí wọ́n tó gbé e wá. Mo ka iye yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti san owó aṣọ, mo ti san owó tí wọ́n fi fi ránṣẹ́, owó wo ló tún kù?

Mo pe aláṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, mo ti bá yín ṣe é o," ló fi dá mi lóhùn. "Mo kọ ọ́ sí i pé gift ni, mo sì fi £30 sí i kí wọ́n má baà yọ yín lẹ́nu." Inú rere ló fi ṣe é, mi ò lè bá a jà. Ohun tí kò rántí ni pé òun náà ló ká rìsíìtì sáàárín bùbá àti ṣòkòtò, gbogbo iye tí mo san pé síbẹ̀ ní náírà, ó tiẹ̀ tún fi bíírò fa ìlà méjì sábẹ́ àròpọ̀ rẹ̀. Nígbà tí aṣọ́bodè tú páálí wò, ìwé ìta ń pariwo ẹ̀bùn, ìwé inú ń pariwo ọjà. Wọ́n ṣẹ́ náírà yẹn sí owó tiwọn, ó di £180, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti ibẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni àwọn ojúlùmọ̀ ti ń ya irú káàdì bẹ́ẹ̀ ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, àfi bíi pé mo ti di lọ́yà páálí. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: ṣé wọn ò rẹ́ wa jẹ báyìí? Ohun tí mo máa ń sọ ni pé ẹ kọ́kọ́ tú owó náà sí wẹ́wẹ́, torí kì í ṣe ẹnì kan ló ń gbà á. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń gbé, òfin ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ fi ṣàlàyé. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí Jámánì á rí i pé egungun ọ̀rọ̀ náà jọra, iye owó ló yàtọ̀.

Ọwọ́ mẹ́ta ló wọnú £83.68 yẹn. Àkọ́kọ́ ni owó ibodè, èyí tí wọ́n ń gbà nítorí pé ọjà ti òkèèrè wọ̀lú. Èyí ò ṣàjèjì sí wa rárá. Kí òyìnbó tó dé ni oníbodè ti ń jókòó sẹ́nu odi ìlú, alájàpá tó bá sì fẹ́ ru ẹrù wọlé á ka owó ẹyọ sílẹ̀ kó tó kọjá. Ìkejì ni VAT, owó orí tí gbogbo ẹni tó ń ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù níbí ń san, tí wọn ò fẹ́ kí ẹni tó rà á láti òkèèrè yẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba ló ni méjèèjì, HMRC, iléeṣẹ́ agbowó-orí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sì ń bá wọn gbà á. Ìkẹta ni owó iṣẹ́ ẹni tó gbé páálí: wọ́n bá yín san owó ìjọba sílẹ̀, wọ́n tọ́jú ẹrù yín, wọ́n wá bu tiwọn lé e. Royal Mail, iléeṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ibí, ń gba £8. Kò kan ìjọba, kò sì kan aláṣọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ìṣirò ti agbádá yẹn. Ìdá owó ibodè yàtọ̀ láti ọjà dé ọjà. Aṣọ tí wọ́n ti rán sábà máa ń jẹ́ 12%. Fóònù àti kọ̀ǹpútà alágbèéká, òdo ni tiwọn. Aṣọ mi jẹ́ £180, owó ìfiránṣẹ́ jẹ́ £40. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi ìṣirò ṣe, torí pé kì í ṣe owó aṣọ nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n ní kí a ro owó ìfiránṣẹ́ mọ́ ọn. Ó di £220, 12% rẹ̀ sì jẹ́ £26.40. VAT wá gun orí gbogbo rẹ̀, títí kan owó ibodè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán yẹn: 20% lórí £246.40, ìyẹn £49.28. Bẹ́ẹ̀ ni o, owó orí ni wọ́n ń gbà lórí owó orí. Mo ti bínú sí i títí, kò yí padà. Ẹ ro £26.40 mọ́ £49.28, ẹ fi £8 ti agbẹ́rù kún un, £83.68 náà ló máa já sí. Kò sí ẹni tó fi kọ́bọ̀ kan lé e.

Iye tó yẹ kí ẹ há sórí ni £135. Bí ọjà inú páálí kò bá ju £135 lọ, kò sí owó ibodè lórí rẹ̀, VAT nìkan ló kù. Owó ìfiránṣẹ́ kì í sí nínú £135 yìí, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sọ́tọ̀ lórí rìsíìtì. Àmọ́ gbogbo páálí ni wọ́n ń kà pọ̀, kì í ṣe ẹyọ kọ̀ọ̀kan: bàtà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ £70 ti di £140, ó ti kọjá ààlà nìyẹn. Ọtí àti tábà ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí ní tiwọn. Bó ti wù kí wọ́n kéré tó, wọ́n á san.

Ẹni tó ti pẹ́ nílùú yìí á ní láyé àtijọ́, ohun tí kò bá ju £15 lọ kì í san nǹkan kan. Òótọ́ ni, àmọ́ wọ́n ti pa àǹfààní yẹn rẹ́ lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pa tiwọn, tó jẹ́ €22, rẹ́ ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà. Amẹ́ríkà tó fàyè gba $800 fún ọ̀pọ̀ ọdún ti ilẹ̀kùn tiẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2025. £135 tí mo ń sọ yìí gan-an, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kéde nínú ètò ìṣúná ọdún 2025 pé àwọn máa mú un kúrò, ó pẹ́ tán oṣù kẹta ọdún 2029. Ẹ rí i pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ.

Ìbéèrè kan tún wà tó máa ń ka èèyàn láyà. Kí ló dé tí èèyàn á ra nǹkan láti Ṣáínà, tí yóò dé ẹnu ọ̀nà wẹ́rẹ́ láìsí káàdì, tí fìlà kan ṣoṣo láti Ìbàdàn á sì wá há sọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù? Wọn ò kórìíra Ìbàdàn. Láti ọdún 2021 ni òfin ti sọ pé ọjà tí kò bá ju £135 lọ, ẹni tó tà á ni kó gba VAT nígbà tí oníbàárà ń sanwó, kó sì kó o fún HMRC. Àwọn ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Amazon, eBay àti Temu ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì ń yọ ọ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn. Ẹ ti san án. Pé ẹ ò mọ̀ ni. Aláṣọ tó ń polówó lórí Instagram láti Ìbàdàn ò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, bóyá kò tiẹ̀ gbọ́ orúkọ wọn rí. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà tiyín ni wọ́n ti máa gbà á. Bí fìlà náà àti owó ìfiránṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ £25, VAT rẹ̀ jẹ́ £5, owó iṣẹ́ sì jẹ́ £8. Owó ẹni tó gbà á ti ju owó tí wọ́n rán an gbà lọ.

Páálí kọ̀ọ̀kan ni £8 yẹn wà fún. Bí ẹ bá fẹ́ ra fìlà mẹ́ta àti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn kan lọ́wọ́ ẹnì kan náà, ẹ jẹ́ kó dì wọ́n pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa san án. Àmọ́ kí ẹ ṣírò kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àròpọ̀ wọn bá fi díẹ̀ kọjá £135, owó ibodè tó máa bọ́ lé e lè ju £8 tí ẹ ń sá fún lọ.

Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Nígbà tí káàdì bá dé, gbogbo wa a máa dojú ìjà kọ ẹni tó gbé páálí wá, nígbà tó jẹ́ pé ibi tí ẹrù ti wọ́ ni Ìsẹ́yìn, lórí káńtà ibi tí wọ́n ti kọ ìwé kékeré tó lẹ̀ mọ́ páálí. Bí ẹrù bá kéré, CN22 ni wọ́n ń pe ìwé náà. Bí owó rẹ̀ bá pọ̀, CN23 ni. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Aṣọ́bodè tó mú páálí yín dání ò mọ̀ yín rí, kò mọ aláṣọ yín, kò sì mọ ohun tí ń jẹ́ agbádá. Ohun tó bá rí kà ló máa fi ṣe ìdájọ́, bí ohun tó kà bá sì rú u lójú, yóò tú u, tàbí kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ "clothes" lásán. Kí wọ́n kọ ohun tó jẹ́, iye tó jẹ́, ohun tí wọ́n fi ṣe é, bó ṣe wúwo tó, àti iye tí ẹ rà á gan-an, pẹ̀lú orúkọ owó tí ẹ fi rà á. Nọ́ńbà ọjà tún wà tí wọ́n ń pè ní HS code, tí òǹkà mẹ́fà àkọ́kọ́ rẹ̀ jọra káàkiri àgbáyé. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bóyá 12% ni wọ́n máa gbà tàbí òdo. Bí aláṣọ ò bá kọ ọ́, ẹlòmíì ló máa bá a méfò, àwọn tó ń méfò fún ìjọba kì í sì sábà méfò sí ìsàlẹ̀. Ọjà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà tiẹ̀ lè rí ẹ̀dínwó owó ibodè gbà lábẹ́ ètò DCTS tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bí ìwé bá wà tó fi hàn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, tó sì bá òfin wọn mu. Ẹni tó ń kó ẹrù wọlé láti fi ṣòwò ni kó fọkàn sí ìyẹn. Fún agbádá kan, wàhálà rẹ̀ ju èrè rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ gift yìí ló ń fa ìjọ̀gbọ̀n jù. Àwọn aláṣọ wa gbà pé oògùn ni: kọ gift, kọ iye kékeré, ó parí. Lójú òfin, ẹ̀bùn ni ohun tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì láìgba kọ́bọ̀, fún ọjọ́ ìbí tàbí ayẹyẹ mìíràn. Ohun tí ẹ bá ti fowó rà kì í ṣe ẹ̀bùn, kódà kó jẹ́ pé ọmọ yín lẹ fẹ́ fún. Bí wọ́n bá mú irọ́ náà, wọ́n lè fi iye tó bá tọ́ lójú tiwọn lé e, wọ́n sì lè gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù náà pátápátá. Bí páálí bá sì sọnù lọ́nà, tí ẹ ń bèèrè £180 lọ́wọ́ agbẹ́rù, ìwé tó ní £30 ni ọjà inú rẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí yín.

Ẹ̀bùn tòótọ́ ní àǹfààní tiẹ̀. Bí kò bá ju £39 lọ, kò sí VAT, kò sí owó ibodè. Bó bá ju £39 lọ tí kò ju £135 lọ, VAT nìkan ni. Láti ibẹ̀ dé £630, owó ibodè rẹ̀ kì í ju 2.5% lọ. Màmá tó bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́ sí gbogbo ilé lè kó o sínú páálí kan ṣoṣo, kí £39 yẹn sì jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan: kí ó di ti Táyé lọ́tọ̀, kó di ti Kẹ́hìndé lọ́tọ̀, kó kọ orúkọ sí i, kó sì to iye owó kálukú sórí ìwé ìta. Bí ó bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ọ̀rá kan, ẹ̀bùn ẹnì kan ni wọ́n máa kà á sí.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé tún yàtọ̀. Ìkòkò àti aṣọ tiyín tí ẹ ti ń lò nílé kí ẹ tó wá kì í ṣe ọjà. Bí ẹ bá ti lò wọ́n fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, tí ẹ sì ti gbé lẹ́yìn odi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún oṣù méjìlá gbáko, ẹ lè kọ̀wé sí HMRC fún ìdáríjì owó tí wọ́n ń pè ní Transfer of Residence. Kí ẹrù tó dé ni kí ẹ ti kọ ọ́.

Àwọn agbẹ́rù aládàáni tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú gbé ẹrù wá kíákíá máa ń ṣe tiwọn lọ́nà mìíràn. Ẹ lè gba páálí lónìí, kí ẹ máa jó, kí bíìlì sì tẹ̀lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, torí wọ́n ti bá yín san án. Owó iṣẹ́ tiwọn kì í sì jọra, ẹ bèèrè kí ẹ tó yan èyí tí ẹ máa lò.

Bí ẹ bá gbà pé owó náà ti pọ̀ jù, ẹ má fi páálí sílẹ̀ nítorí ìbínú. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà. Ẹ san án, kí ẹ wá bèèrè ìyókù. Fọ́ọ̀mù BOR286 ni fún ẹrù tó bá gba ọwọ́ Royal Mail tàbí Parcelforce wọlé, C285 sì ni fún tàwọn agbẹ́rù yòókù. Ẹ kó rìsíìtì àti ẹ̀rí ìsanwó yín mọ́ ọn. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn páálí tó ní iye tí wọ́n gbà, ẹ má fi ìdùnnú aṣọ tuntun ya á dànù. Ọ̀rẹ́ mi kan ti wá ìwé rẹ̀ dénú àpò ìdọ̀tí.

Àwọn nǹkan kan wà tí owó ò lè gbà sílẹ̀. Ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe ò gbọdọ̀ wọlé láti Nàìjíríà, yálà nínú páálí tàbí nínú báàgì. Kílíṣí àti pọ̀nmọ́ wà níbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n gbẹ tó. Ìpara tó ń bóra tó ní hydroquinone, òfin ò gbà á. Bàtà tàbí báàgì ayédèrú tó lẹ orúkọ ńlá mọ́ra, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ yín kí wọ́n sì bà á jẹ́. Ẹni tó tà á fún yín nìkan ni ẹ lè bèèrè owó yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé: ọ̀nà tí àwọn gbájúẹ̀ ń gbà báyìí nìyí. Ọ̀rọ̀ kúkúrú á wọlé sórí fóònù pé páálí yín ti há, kí ẹ tẹ líǹkì kan kí ẹ san £1.99. Torí pé owó náà kéré, tí gbogbo wa sì ń retí páálí kan tàbí òmíràn, èèyàn á kàn tẹ nọ́ńbà káàdì bánkì rẹ̀ sí i. £1.99 kọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ má tẹ líǹkì náà. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí 7726, ọ̀fẹ́ ni. Bí ó bá ń ṣe yín bíi pé ó lè jẹ́ òótọ́, ẹ fọwọ́ ara yín kọ àdírẹ́sì agbẹ́rù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì fi nọ́ńbà páálí wá a níbẹ̀.

Mo san £83.68 mi o. Agbádá náà bá mi mu, èmi ni gbogbo wọn ń yà ní fọ́tò ju ọkọ ìyàwó lọ. Nígbà tí mo tún fẹ́ ra fìlà àti ìpèlé lọ́wọ́ aláṣọ yẹn, mo ní kó ya ìwé ìta páálí ní fọ́tò fún mi kó tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ gbogbo rẹ̀ pé: fìlà kan, ìpèlé kan, aṣọ òwú tí wọ́n fọwọ́ hun, ọjà títà, pẹ̀lú iye tí mo san gan-an. Ó wá kọ sí abẹ́ fọ́tò náà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n ṣì ká rìsíìtì sínú ẹ̀?"

Mo ní rárá, ìta ni kó lẹ̀ ẹ́ mọ́.